Tarkwa Bay pẹ̀lú ìdílé: wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Mo fẹ́ kó ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà àti mẹ́wàá, àti màmá mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, lọ gbafẹ́ ní Tarkwa Bay ní Èkó. Mo gbọ́ pé ojú omi nìkan ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ nínú wa àfi èmi nìkan. Ìyàwó mi ní omi ibẹ̀ parọ́rọ́, àbúrò mi sì ní òkun ibẹ̀ máa ń gbé ènìyàn lọ. Ta ni kí n gbàgbọ́? Ìgbà wo ló yẹ kí a lọ, èbúté wo sì ni kí a ti wọkọ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín kò parọ́, àbúrò yín náà kò sì parọ́. Omi méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ sábà máa ń fi pe méjèèjì. Tarkwa Bay gan-an ni kọ̀rọ̀ omi tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó, níbi tó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìgbì ibẹ̀ kò ju èyí tó ń rọra lá ẹsẹ̀ ọmọdé lọ. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ rìn la àárín ibùdó náà kọjá sí ẹ̀yìn, Lighthouse Beach ni yóò bọ́ sí, èyí tó kọjú sí Òkun Àtìláńtíìkì láìsí ohunkóhun tó dáàbò bò ó. Ìyẹn ni òkun tí àbúrò yín ń sọ, ẹ má sì bá a jiyàn rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo ni pé ìparọ́rọ́ kọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe àdámọ́. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òkìtì iyanrìn tó sápamọ́ sábẹ́ omi ló dí ẹnu ọ̀sà Èkó, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá kò fi lè wọlé. Ìta lójú òkun ni wọ́n máa ń dúró sí tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké yóò máa lọ kó èrò wọn wá, ọ̀pọ̀ ẹrù sì máa ń gba Forcados yípo kó tó dé Èkó. Ní nǹkan bí ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta ràbàtà-ràbàtà sínú òkun láti fi mọ ògiri gígùn sí ìhà méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, kí ẹnu omi lè fún pọ̀, kí ìṣàn rẹ̀ sì lè máa fi agbára ara rẹ̀ gbá iyanrìn dànù. Mole ni wọ́n ń pe àwọn ògiri wọ̀nyí títí di òní: West Mole ní ìwọ̀-oòrùn, East Mole ní ìlà-oòrùn.

Ṣùgbọ́n iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì máa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá ní ìdagẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń ti iyanrìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, èyí tó ń bọ̀ láti ìhà Badagry kó jọ sẹ́yìn West Mole, ìdí sì nìyẹn tí Lighthouse Beach fi fẹ̀ tó bó ṣe fẹ̀ lónìí. Ní òdìkejì ẹnu omi, Bar Beach ti Victoria Island kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri tuntun tí wọ́n sì ń kó iyanrìn dí omi fún Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Abẹ́ ààbò West Mole yìí ni kọ̀rọ̀ omi Tarkwa jókòó sí, nítorí náà ibi tí ògiri parí sí ni ìparọ́rọ́ náà parí sí. Kò kan ojú ọ̀nà tí ẹ ó gbà lọ, kò sì kan ẹ̀yìn ibùdó. Ibi méjì yẹn ni ewu wà, ibẹ̀ náà sì ni ìdáhùn mi yóò dá lé jù.

Lórí ọ̀rọ̀ pé ojú omi nìkan ni wọ́n ń gbà, òótọ́ ni fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbafẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní erékùṣù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé orí ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, èyí tó nà láti ìhà Badagry, tí òkun wà ní gúúsù rẹ̀ tí omi ọ̀sà sì wà ní àríwá. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé ibẹ̀ láti àárín Èkó, kò sì sí afárá. Mo ti rí àwọn tó ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè fi yẹra fún ọkọ̀ ojú omi; àkókò ni wọ́n kàn ń fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀nà náà. Yálà CMS ní Marina ni ẹ ti wọkọ̀ tàbí Tarzan ní Victoria Island, ojú omi tí wọ́n ń pè ní Commodore Channel ni ẹ ó bọ́ sí nígbẹ̀yìn, ojú omi náà sì ni àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà lọ sí èbúté Àpápá àti Tin Can. Ìrìn náà kò gùn. Ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì lè dé ibẹ̀ láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kúkúrú tó kúrú yìí ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ, tí wọ́n fi ń rò pé kò sí ohun tí àwọn ní láti mọ̀. Ọkọ̀ òkun tó kó ẹrù kò lè dúró lójijì, kò sì lè ya fún ọkọ̀ kékeré, ẹni tó jókòó sí òkè lọ́hùn-ún lè má tilẹ̀ rí yín. Atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré kọjá níwájú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò dúró kó kọjá, yóò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ìgbì tí ọkọ̀ ńlá náà dá sílẹ̀ bá ń bọ̀, yóò dín eré kù, yóò sì kọ imú ọkọ̀ rẹ̀ sí i díẹ̀, kò ní jẹ́ kí ó fi ẹ̀gbẹ́ gbà á. Bí ẹ bá rí atukọ̀ tó ń fi eré bá ọkọ̀ ńlá díje, ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ má ṣe ojú àánú. Ẹnu àwọn èrò ni ìjánu rẹ̀ wà.

Ohun kejì lójú ọ̀nà ni omi fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń wọ inú ọ̀sà tó sì tún ń jáde, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà rẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà kan. Ìyẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀sà Èkó tóbi, ẹnu rẹ̀ sì fún. Bí omi bá ń jáde lọ́nà kan tí ìgbì òkun sì ń wọlé lọ́nà kejì, àwọn méjèèjì á fi orí gbárí, ìgbì á ga, á sì súnmọ́ra wọn, ọkọ̀ á máa fò sókè á máa já lulẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, èyí tún máa ń le sí i, nítorí pé omi odò Ògùn, èyí tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, àti omi àwọn odò mìíràn ń wọ́ kó sínú ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan náà. Kódà omi Ọ̀nà tó ń gba ọ̀dọ̀ yín ní Ìbàdàn kọjá wà lára wọn. Koríko orí omi máa ń bá wọn wá, ó sì máa ń wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi atukọ̀ ní ìbéèrè kan péré: ṣé omi ń wọlé ni àbí ó ń jáde? Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ yóò dá yín lóhùn kíá. Ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ohun kẹta ni afẹ́fẹ́. Ní òwúrọ̀, ojú omi sábà máa ń tẹ́ bí ẹní. Bí oòrùn bá ti ń mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọlé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, á máa lágbára sí i títí di ọ̀sán gangan sí ìrọ̀lẹ́, ìgbì kéékèèké tí ẹ kò rí nígbà tí ẹ ń lọ á sì ti kún ojú omi nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ìdí rèé tí mo fi sọ pé wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Àwọn tó dé èbúté ní aago méjìlá ọ̀sán, tí wọ́n sì padà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òkun mìíràn ni wọ́n rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín ti gbéra láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ sì ti múra ìpadàbọ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ kò lè ti Ìbàdàn jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Èkó ni kí ẹ sùn mọ́jú.

Ní ti oṣù, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni mo fara mọ́ fún irú ìdílé yín. Òjò ti lọ, ìgbì sì ti rọlẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo ni ọyẹ́, tí kùrukùru rẹ̀ lè bo ojú omi ní àárọ̀ débi pé ẹ kò ní rí ọkọ̀ ńlá títí tí yóò fi súnmọ́ yín. Bí ẹ kò bá rí òdìkejì omi láti èbúté, ẹ dúró kí oòrùn tú u ká. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn ní ìsàlẹ̀ gúúsù Àtìláńtíìkì ni ó máa ń rán ìgbì ńlá sí wa, bí ojú ọ̀run Èkó tilẹ̀ mọ́ kedere. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ru bo etíkun Kuramo ní Victoria Island, tí ó sì gbé ènìyàn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pákó gun ìgbì ní Lighthouse Beach fẹ́ràn àkókò yẹn gan-an, àwọn ni ó sì wà fún. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, pàápàá pẹ̀lú ìyá àgbà nínú ọkọ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba pẹ̀lú, nítorí pé ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ ń kó èrò kọjá agbára wọn.

Lórí èbúté, CMS ló rọrùn jù fún ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, nítorí pé Third Mainland Bridge yóò gbé yín dé ìtòsí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Victoria Island tàbí Lekki ni ẹ sùn sí, Tarzan tàbí Mekwe yóò tọ́ sí yín jù. Ẹ háyà ọkọ̀ lódindi fún ìdílé yín bí agbára bá ká a; owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó ń san iye orí lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó pàṣẹ wákàtí, kò sì ní sí ẹni tí yóò fún màmá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀ pọ̀, kí ẹ san apá kan, kí ìyókù di ìgbà tí ẹ bá padà dé. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù atukọ̀ náà, kí ẹ pè é níwájú rẹ̀ kí ẹ rí i pé ó dún. Ẹ ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n sábà máa ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò ní ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Kí ẹ tó wọ inú ọkọ̀, ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá ti wà níbẹ̀ tó ń ṣàn síwá sẹ́yìn, ẹ béèrè ibi tó ti wọlé. Ẹ wò ó bóyá àjẹ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì kejì wà fún ọjọ́ tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá kú lójú omi. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì jẹ́ dandan lábẹ́ òfin ní gbogbo ojú omi Èkó, LASWA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó o, kì í sì í fẹ́ rí ọkọ̀ èrò lójú omi ní òru. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ ọ́ sọ́rùn lásán kò tó. Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni ti àwọn ọmọdé, tí wọ́n máa ń gbé ti àgbàlagbà kọ́ lọ́rùn. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ yín, ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká rẹ̀ mú kí ẹ fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí ọmọ tí àgbọ̀n rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ lọ, ó ti tóbi jù. Bí ọmọ náà bá já sínú omi, jákẹ́ẹ̀tì ni yóò léfòó, ọmọ yóò yọ́ jáde nísàlẹ̀. Èyí tó ní okùn tó ń gba àárín itan kọjá ló dára jù fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí ẹ kò bá ní ìgbàgbọ́ pé ẹ ó rí i ní èbúté, ẹ ra tiyín dání.

Màmá ńkọ́? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí wọ́n jókòó sí, kì í ṣe iwájú. Iwájú ni ó máa ń fò tó sì ń já lulẹ̀, ẹ̀yìn àgbàlagbà kò sì lè gba irú ìyẹn. Kí wọ́n máa wo ọ̀nà jíjìn, níbi tí omi àti òfuurufú ti pàdé, òòyì kò ní tètè kọ́ wọn. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n jẹ ní àárọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe lọ pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ohun tó máa ń ṣòro jù fún àwọn àgbà ni sísọ̀kalẹ̀, nítorí pé nígbà mìíràn, inú omi tó dé orúnkún ni èrò ń bọ́ sí. Kí ènìyàn méjì dì wọ́n mú, ọ̀kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí atukọ̀ sì ti pa ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ ti di àwọn fóònù yín sínú ọ̀rá ṣáájú.

Nígbà tí ẹ bá ti gúnlẹ̀, ẹ rìn jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí kí àwọn ọmọ tó wọ omi. Nínú kọ̀rọ̀ omi yìí, ọkọ̀ tó ń wọlé ni mo ń bẹ̀rù fún ọmọdé ju ìgbì lọ. Omi tó bá dé ìdodo ọmọ ti tó, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sì dúró sí ìhà òkun, kí ẹ kọjú sí wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun àwọn òkúta West Mole, nítorí pé ewédò tó hù lára wọn ń yọ̀ púpọ̀. Ó dára kí ẹ rìn lọ wo Lighthouse Beach, ó sì lẹ́wà. Ẹ wò ó, ẹ rìn lórí iyanrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ omi rẹ̀. Ìṣàn kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń gba àárín ìgbì padà sí òkun, ojú rẹ̀ sì sábà máa ń parọ́rọ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, èyí ló fi ń fa àwọn tí kò mọ̀ mọ́ra. Bí ó bá gbé ẹ̀yin tí ẹ lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ má bá a jà láti padà tààrà sí etíkun. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀.

Ẹ ó rí àwókù ilé níbẹ̀, àwọn ọmọ yín yóò sì béèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé ibẹ̀ kúrò nílé; ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń bẹ́ páìpù epo. Ibùdó epo Atlas Cove kò jìnnà, òun náà ni àwọn ajàjàgbara kọlù ní oṣù keje ọdún 2009, nítorí náà àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ kì í fi ojú rere wo ẹni tó ń ya àwòrán páìpù tàbí ọkọ̀ ogun. Ní tèmi, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹja tàbí àgbọn, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ń gbé ibẹ̀, ẹ má kó gbogbo oúnjẹ láti ilé wá. Omi mímu àti agboòrùn ni kí ẹ gbé dání.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ìlà-oòrùn ṣú dùdù ṣáájú kí ẹ tó wọkọ̀, pàápàá ní oṣù kẹta sí ìkẹrin tí àkọ́rọ̀ òjò ń bọ̀ tàbí ní oṣù kẹwàá tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ má gbéra, bí atukọ̀ tilẹ̀ ń sọ pé òun yóò sáré ju òjò lọ. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń ṣáájú rẹ̀ lè dojú ọkọ̀ dé. Ẹ dúró sábẹ́ orùlé, kí ẹ jẹ́ kí ó kọjá, kí ojú omi sì rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú kí ó tó rọlẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹ ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí oògùn tí màmá máa lò fún ọjọ́ méjì wà nínú àpò yín láti ilé.